Aró Ẹ̀yìnkùlé àti Àwọn Tí Ń Fi Í Ṣẹ̀sín

Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ọkàn wa láti ìgbà pípẹ́ tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, pàápàá jùlọ ẹ̀yin ará ìlú ńlá àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ iye tí ọ̀pá aṣọ kan ń mú wọlé. Ó jẹ mọ́ àwọn ènìyàn kan láàrin wa tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kì í ṣe aṣọ rárá. Olùkọ́ni ni òmíràn nínú wọn, akọ̀wé ọ́fíìsì ni òmíràn, òmíràn jẹ́ nọ́ọ̀sì, òmíràn sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, nídìí ìkòkò aró ni a óò ti bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, tàbí nídìí òfì kékeré kan tí wọ́n gbé ró mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í tà. Bí wọ́n bá pa ìró kan láró, wọn a ró o lọ sí òde ìyàwó, tàbí kí wọ́n fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Iṣẹ́ àṣenajú ni wọ́n fi í ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń ta ayò lábẹ́ igi.

Ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń rí gbà nítorí rẹ̀. Aládùúgbò a ní, "Ṣé owó oṣù kò tó ọ ni, tí o fi fẹ́ di aláró?" Ìbátan a ní, "Aṣọ kún ọjà fọ́fọ́, ìwọ sì ń ti ọwọ́ bọ ohun tí ń rùn." Oníṣòwò ní tirẹ̀ a máa ṣe ìṣirò: ọjọ́ mélòó ni o fi di ìko mọ́ aṣọ yìí, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìkòkò fi wà nílẹ̀, èló ni ìwọ ì bá ti rí bí o bá fi àkókò náà pàtẹ ọjà? Ìṣirò náà pé, àwa kò rí ibi tí a ó ti tọ́ka sí àléébù nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kò kan ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ yìí. Nínú èrò tiwa, àwọn tí kì í tà wọ̀nyí ni ó kù tí ó lè gba ohun kan là fún gbogbo wa, ohun tí ọjà ti jù sílẹ̀, tí kò sì ní padà wá gbé.

Kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ ohun tí à ń wí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é nílé.

Ewé ẹ̀lú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni à ń já, kì í ṣe èyí tí ó ti gbó. A ó gún un nínú odó títí yóò fi kúnná tí yóò sì dúdú, a ó ṣù ú ní róbótó bí àtẹ́lẹwọ́ ti lè gbà á, a ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Bí a bá ti ṣe èyí tán, ó lè pẹ́ nínú ilé kí a tó lò ó. Ní ti ewé, kò sí wàhálà púpọ̀. Wàhálà wà nínú eérú. Ìkòkò méjì ni a ń gbé lé ara wọn: a lu ihò sí ìdí ti òkè, a fi igi wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ nínú, a sì di eérú lé e lórí. Omi tí a bá dà sí orí eérú yìí yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ sí ìkòkò ìsàlẹ̀. Bí omi náà bá dára, yóò máa yọ̀ láàrin ìka bí omi ọṣẹ, yóò sì ta ni lẹ́nu bí a bá fi kan ahọ́n. Àwọn ìyá àgbà kò ní ohun èlò kankan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ju ìka àti ahọ́n yìí lọ. Bí omi eérú bá ti rọ̀ jù, ewé yóò kàn jẹrà sínú rẹ̀ ni, kò sí aṣọ tí yóò mu aró níbẹ̀.

Nígbà tí omi bá pé, a ó rún ẹ̀lú gbígbẹ sínú rẹ̀, a ó dé e, a ó sì máa ṣọ́ ọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Níhìn-ín ni ìgbé ayé ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó tó wẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, yóò lọ ṣí ìkòkò wò. Yóò rò ó, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wo ìfófòó tí ó léfòó sí i lójú, bóyá ó ti ń ṣú. Ní alẹ́, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò aró dà bí ọmọ ọwọ́, kì í mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni òní. Ọyẹ́ a máa mú un lọ́ra. Bí ooru bá sì mú, a máa yára jù bí a ti rò lọ. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ẹmu àti nínú ògì, ìdí nìyí tí kò fi ṣeé pàṣẹ fún. Kò yani lẹ́nu pé láyé àtijọ́, bí ìkòkò bá kọ̀ láti ṣe dáadáa, Ìyá Màpó, olùtọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni àwọn aláró ń bẹ̀.

Ní ti òórùn rẹ̀, a kò ní tan yín jẹ. Ó ń rùn. Ẹni tí ń gbé ilé alájọgbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé ìkòkò sílẹ̀, kí ó sì fún olúkúlùkù ní nǹkan nínú ohun tí ó bá pa láró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sí àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Sátidé bá dé, tí a ti fi omi lásán rẹ aṣọ, tí a sì rì í sínú aró, ohun tí a óò rí yóò san gbogbo gbèsè náà. Aṣọ kì í jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n ni ó ń gbé jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, lójú ẹni ni yóò máa yí padà, láti etí dé àárín, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di aró. Bí a bá rì í lẹ́ẹ̀kan, yóò dà bí ojú ọ̀run. Bí a bá rì í tí a tún un rì nígbà púpọ̀, tí a ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i láàrin, yóò dúdú bí ẹtù. A ti rí ọkùnrin arúgbó kan tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sọ ohunkóhun fún wákàtí kan ju pé "Tún un rì" lọ. Ní ọjọ́ Ajé, èékánná ọmọ náà ń jẹ́rìí ní ibi iṣẹ́ pé kò fi ìsinmi rẹ̀ sùn.

Kí a tó dé ìdí ìkòkò ni a ti ń ṣe ọnà sí ara aṣọ, ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tí ń ṣe é fún ìnajú a sì máa lò fún un. Ẹlòmíràn a fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso igi mọ́ aṣọ, èyí ni àdìrẹ oníko. Ẹlòmíràn a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀. Ẹlòmíràn a se láfún ní ẹ̀kọ, a sì fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí ojú aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ni wọ́n gbajúmọ̀ fún ìyẹ́ adìẹ. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí àwọn ọkùnrin gé ní ọnà ni wọ́n ń gbé lé aṣọ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ nù ún lójú. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ Ìbàdàndùn yóò ti rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn tí a ṣí ní ọdún 1929. Àwọn obìnrin tí wọn kò mọ̀wé ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ ìtàn ìlú wọn sí ara ìró bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, kí ló dé tí ọjà fi jù ú sílẹ̀? Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ní ọdún 1883, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Adolf von Baeyer, ṣe àlàyé bí ohun tí ó wà nínú aró ti so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1897 ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a ṣe láìsí ewé. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín, nítorí àwọn kan wà tí ń fi aró òyìnbó ṣe ohun àbùkù: ohun kan náà ni. Ohun tí ń mú aṣọ dúdú nínú ẹ̀lú ni ó wà nínú ìyẹ̀fun náà, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀. Bí a bá fi sódà líle tí à ń fi se ọṣẹ àti ìyẹ̀fun hydrosulphite sí i, aró tí ń gba ọ̀sẹ̀ kan yóò jinná láàrin wákàtí kan. Ta ni oníṣòwò tí yóò rí èyí tí yóò tún máa fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò?

Ọ̀rọ̀ yìí fa ìjà gidi ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ Ẹ̀gbá lókìkí nígbà náà débi pé àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà àti láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ń wá rà á. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nípa bí aṣọ ti ń ṣe, àwọn aláṣẹ ìlú, ní ìgbà Aláké Adémọ́lá Kejì, fẹ́ dá lílo sódà àti aró òyìnbó dúró. Àwọn obìnrin aláró kọ̀. Ọ̀ràn náà le títí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936. Judith Byfield ti kọ ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2002, a sì gba ẹnikẹ́ni tí ó lè kà á níyànjú pé kí ó kà á. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn aláró ni a dúró tì. Ọmọ wọn gbọ́dọ̀ jẹun, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀, kò sì tọ́ kí ẹni tí ó jókòó sí ààfin tàbí sí ọ́fíìsì máa pàṣẹ fún obìnrin tí ń rọ́jú wá oúnjẹ pé kí ó máa fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ohun tí wákàtí kan lè ṣe.

Nítorí èyí, ọjà pa àdìrẹ mọ́. Títí di òní, ẹni tí ó bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò bá a níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ohun tí ọjà kò pa mọ́ ni ìkòkò. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ọjà a máa tọ́jú ohun tí à ń tà; ọ̀nà tí a gbà ṣe é kò kàn án, àfi bí ẹni tí ń rà bá fẹ́ san owó lé e. Ní àkókò tiwa yìí ó tilẹ̀ ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ti ń tẹ ọnà àdìrẹ sí ara aṣọ láìsí ìko, láìsí ẹ̀kọ, láìsí aró pàápàá, wọ́n sì ń kó o wá bá wa, a sì ń pe ìyẹn náà ní àdìrẹ. Bí ọjà bá lè jù ìkòkò sílẹ̀ lánàá, kí ni yóò dá a lẹ́kun láti jù ọwọ́ ènìyàn sílẹ̀ lọ́la?

A ti rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ òfì. Oríṣi òfì méjì ni àwọn Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òfì àwọn ọkùnrin ni èyí tí ń hun aṣọ tín-ín-rín tí a ń rán pọ̀, òun ni Ìsẹ́yìn fi lókìkí, òun ni ó bí sányán, àlàárì àti ẹtù. Òfì àwọn obìnrin ni èyí tí a ń gbé ró, tí ń hun aṣọ gbígbòòrò. Òun ni ó bí kíjìpá. Ìyàwó ilé ni yóò ran òwú fúnra rẹ̀, tí yóò hun kíjìpá láàrin oúnjẹ sísè àti ọmọ títọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ fún ìlò ilé: èyí tí baba ilé ń wọ̀ lọ sí oko, èyí tí a fi ń bora nígbà òtútù. Aṣọ líle ni, kì í gbó bọ̀rọ̀. Òfì Ìsẹ́yìn ní oníbàárà, nítorí náà ó ṣì ń dún títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú ilé-iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù lórí rẹ̀ nísinsìnyí, tí sányán tòótọ́, èyí tí a ń fi òwú inú ilé kòkòrò igbó hun, sì ti di ohun tí à ń wá kiri. Ní Òkènè pẹ̀lú, àwọn obìnrin Ebira rí ọjà fún aṣọ òfì ìnàró wọn, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n kíjìpá inú ilé tiwa kò ní oníbàárà tí yóò sunkún rẹ̀. Ní ọjọ́ tí aṣọ òyìnbó wọ ilé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, ìyàwó ilé gbé òfì kúrò lára ògiri, ó sì sinmi. Àwa náà ì bá sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé mélòó lónìí tí ẹnìkan ti lè fi òfì náà han ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni ó ń gbé, bí ilé bá ti kọ̀ ọ́, kò ní ibòmíràn. Ìkòkò ẹ̀lú ti di bẹ́ẹ̀ báyìí. Nígbà kan rí, ọjà ni ilé rẹ̀. Ọjà ti lé e jáde. Ẹ̀yìnkùlé àwọn tí à ń fi ṣẹ̀sín wọ̀nyí ni ó sá wọ̀.

Ẹ̀rí kan wà ní òkè òkun tí ó ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi a máa kó aṣọ òfì láti Èkó lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú wà. Pano da costa ni wọ́n ń pè é ní èdè Potogí, èyíinì ni aṣọ tí ó ti etíkun wá. Nígbà tí òwò yẹn rọ̀, èrè kò lè gbé aṣọ náà ró mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé òrìṣà ṣì ń fẹ́ ẹ, nítorí kò yẹ kí ìyálórìṣà jáde láìsí i. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní ìlú Salvador ní ọdún 1910, ti kọ́ ilé ìhunṣọ kan sínú ọgbà ara rẹ̀, Casa do Alaká ni wọ́n pè é. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ àti ìjọsìn gbé òfì dúró níbi tí owó ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn tí ń fi aró jẹun ń sọ, a kò sì ní fojú fò ó. Wọ́n ní àwọn ọlọ́wọ́dilẹ̀ ń ba ọjà jẹ́. Nígbà mìíràn òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù, tí ó pa aṣọ 10 láró fún ìgbádùn ara rẹ̀, tí yàrá sì kún, a máa fẹ́ tà á ní iye owó òwú àti sódà nìkan kí ó lè ráyè. Kò mọ̀ pé òun ń gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin tí kò ní owó oṣù kankan. Èyí kò dára rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà, kí ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Ìtòkú tàbí ní Òṣogbo, kí ó tà á ní iye náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fi tọrẹ.

Ọ̀kan tí ó bí wa nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti àwọn tí ń lọ jókòó ti ìyá àgbà fún ọjọ́ méjì, tí wọ́n fi bisikíìtì àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan kí i, tí wọ́n sì padà sí ìlú ńlá láti gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, láì dárúkọ ìyá náà. Ohun tí ó gba ènìyàn ní ogójì ọdún kí ó tó yé e kì í ṣe ohun tí à ń fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rà. Kí a sanwó fún un bí a ti ń sanwó fún lọ́yà. A mọ̀ pé olókìkí nínú iṣẹ́ yìí, Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, láti inú ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ìyá rẹ̀, tí ó sì wá dá ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo níbi tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ tọrẹ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í fi ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n tọrẹ fún ara ẹni.

Ní ti sódà, bí ẹni tí ń ṣe é fún ìnajú bá fẹ́ lò ó, a kò dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ibọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú kì í ṣe àṣejù. Sódà ni kí a bù sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí a má ṣe da omi lé sódà lórí láé. Kí ọmọdé má ṣe dé ibẹ̀, kí a má sì ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu, nítorí a ti gbọ́ ohun tí irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Èérí rẹ̀ kò yẹ ní ẹ̀bá kànga. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní ohun tí ń lé e, tí kò sí oníbàárà tí ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kí ni ìdí rẹ̀ tí yóò fi sáré lo ohun tí a dá nítorí ìkánjú? Òun ni ó ní ọ̀sẹ̀ kan. Aláró ọjà kò ní in.

Ó tún ní ohun kejì tí àwọn ìyá aláró àtijọ́ kò ní: kálàmù. Ìwé dáradára kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí àdìrẹ, èyí tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1971, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò kò ṣeé tú sí èdè mìíràn kí gbogbo rẹ̀ pé. Nígbà tí ìyá àgbà bá ní omi "ti ń mú," tàbí pé aró "ti sùn," ó ní ohun kan pàtó tí ó rí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, èdè rẹ̀ sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Akọ̀wé tí ń fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ṣe aró lè ní ìwé kékeré kan lẹ́bàá ìkòkò, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó rún ẹ̀lú sínú omi, bí ojú ọjọ́ ti rí, ìgbà tí ìfófòó yọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó rì aṣọ kí ó tó dúdú, àti èyí tí ó bàjẹ́ pẹ̀lú èyí tí ó dára. Ọdún mẹ́ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé 20 péré yóò jẹ́ ọrọ̀ tí kò sí ní ibi kankan.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà tí ó fi ẹ̀lú ṣe aró rí, yálà ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní ìletò tí ojú kì í tó, ẹ bi í léèrè eérú igi wo ni ó ń lò, kí ni ó ń rí lójú aró tí ó fi ń mọ̀ pé ó ti tó rì, àti kí ni ó ń ṣe sí i nígbà tí ó bá kọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an, ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú orúkọ ìlú náà, kí ìyá fúnra rẹ̀ sì sọ bóyá ó fẹ́ kí a tẹ orúkọ òun. A ó máa tẹ̀ wọ́n jáde ní ojú ìwé yìí bí wọ́n ti ń dé.